Ìdérí táńkì ẹja tó wúwo: bí yóò ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ tí ẹja kò sì ní fò jáde

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Port Harcourt, Admin yín ló ń sọ̀rọ̀. Voice note tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná gùn díẹ̀, àwọn kan ní data àwọn kò gbé e, ni mo bá ní kí ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja àrọ̀ láàyè.

Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í fi ẹja àrọ̀ sílẹ̀ láì bò ó. Ó lè mí nínú omi, ó sì tún lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi lè fò jáde lóru kó máa wọ́ kiri nílẹ̀, àgàgà tí òjò bá ń rọ̀, òjò ibí yìí kò sì kí ń sinmi. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ní kí wẹ́dà ṣe ìdérí onírin, tàbí kí káfíńtà fi pákó tó nípọn kàn án. A rò pé bó bá ṣe wúwo tó ni ẹja kò ṣe ní lè ṣí i.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìdérí táńkì wa ní Diobu tó kílò 24. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi fẹ́ mú ẹja fún oníbàárà. Ó fi ọwọ́ kan gbé ìdérí, ó fi èkejì ti àwọ̀n bọ omi. Ọwọ́ tó fi gbé ìdérí yọ̀, ni ìdérí bá já lé ìka rẹ̀ méjì. Odindi ọ̀sẹ̀ 3 ni kò fi lè di ọ̀bẹ mú. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é kó wúwo, ẹ̀bi mi ni.

Ohun tí mo wá kọ́ nìyí: ìwúwo kọ́ ló ń sé ẹja mọ́lé, ìkọ́ ni. Ìdérí tó fúyẹ́ tó ní ìkọ́ 2 níwájú sàn ju èyí tó wúwo tí kò ní ìkọ́ rárá. Ọ̀nà 4 la lè gbà.

Èkíní, ẹ dín ìwúwo kù. Pákó máa ń mu omi, lítà omi 1 sì jẹ́ kílò 1. Pákó tó bá mu lítà 5 ti fi kílò 5 kún ẹrù yín nìyẹn. Ẹ lo férémù tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ na nẹ́ẹ̀tì wáyà sí i. Afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé. Ẹ má sì bu omi kún táńkì dé ẹnu, kí ẹja lè ráyè yọ orí mí.

Èkejì, ẹ gé ìdérí sí méjì. Ẹni tó fẹ́ mú ẹja kan, kí ló fẹ́ ṣí gbogbo táńkì fún?

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìńjì ilẹ̀kùn so ó mọ́ ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá gbé ìdérí kílò 24 láti etí iwájú, kílò 12 péré ló máa wà lọ́wọ́ yín, ìńjì á gbé ìyókù. Ṣùgbọ́n etí iwájú pátápátá ni kí ohun ìdìmú wà o. Tó bá jẹ́ àárín lẹ ti dì í mú, gbogbo kílò 24 ti padà sọ́wọ́ yín nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wo irin gígùn tí wọ́n fi ń dínà lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì. Máígádì á fi ọwọ́ kan gbé e, torí kọnkéré tó wà ní ìdí rẹ̀ ń bá a fà á. Báyìí la ṣe lè ṣe tiwa: ẹ kan kẹ̀kẹ́ okùn, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi kànga, mọ́ ògiri ẹ̀yìn táńkì, kó ga dáadáa. Ẹ so okùn mọ́ etí iwájú ìdérí, ẹ gbà á lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ìdí okùn. Ẹ wá máa bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì díẹ̀díẹ̀ títí ìka 2 á fi lè gbé ìdérí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dáwọ́ dúró. Ìdérí gbọ́dọ̀ ṣì lè jókòó fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń ṣí i, ẹ má yọwọ́, torí bó bá ṣe ń lọ sókè ni kẹ́ẹ̀gì ń lágbára lórí ẹ̀.

Àwọn kan bi mí nípa ṣọ́ọ̀kì búùtù mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Ikoku. Ó dáa, ṣùgbọ́n agbára tó bá gbé wá náà ni, a kò lè bù kún un bíi kẹ́ẹ̀gì. Tòkúnbọ̀ sì lè ti rẹ̀ nínú kí ojú wa má rí i.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: okùn lè já. Ẹ máa fi ọ̀pá gbé ìdérí ró kẹ́ ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi, ẹ máa pààrọ̀ okùn tó bá ti ń fọ́, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé dúró lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì.

Ìyàwó mi ń fi ìka 2 ṣí tiwa báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìka tó fara pa yẹn kò tíì ká dáadáa. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ sí tiyín.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi voice note ránṣẹ́ lálẹ́ tọ́jà bá ti tú. Ọlọ́run á bá wa tajà o.