Sísè oúnjẹ ajá ti di òwò: òṣùwọ̀n ló ń mú èrè wá níbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò nìkan

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ohun tí ajá máa jẹ. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àwo onílé, eegun tí ọmọ bá jù sílẹ̀, ẹ̀bà àná tó ti fẹ́ kan, òun náà ni oúnjẹ ajá. Lónìí, láti Benson títí dé Sábó àti Ebúté ní Ìkòròdú, kó tó kan Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, ajá tó ń gbó lẹ́yìn géètì kì í ṣe ajá ìbílẹ̀ nìkan mọ́. Rottweiler wà níbẹ̀, Boerboel wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Alsatian náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi owó gọbọi ra ajá kò ní í fẹ́ kó kú mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí oúnjẹ.

Ibi tí òwò yìí ti yọjú nìyẹn: kí èèyàn máa se oúnjẹ ajá nílé, kó máa ṣe ìpápánu ajá, kó sì máa tà á fún àwọn tó ń sin ajá. Lójú ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè, iṣẹ́ tó rọrùn ni. Àmọ́ àwọn tó máa pẹ́ nídìí ẹ̀ ni àwọn tó bá mọ nǹkan méjì í wọ̀n: wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tó ń wọ inú ajá, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn owó tó ń jáde lápò wọn.

Ohun tó sọ oúnjẹ ajá di ọjà

Ẹni tó gbé Ìkòròdú lọ́dún 2016 àti 2017 kò lè gbàgbé àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn Badoo ń wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń dá ẹ̀mí àwọn èèyàn légbodò. Nígbà yẹn, àdúgbò ń ṣọ́ àdúgbò, onílé ń mọ odi, ẹni tó ní ajá tó ń gbó sì mọ̀ pé òun ní ẹ̀ṣọ́ tí kì í béèrè owó oṣù. Oúnjẹ nìkan ni owó oṣù ajá.

Àwọn tó lówó máa ń ra oúnjẹ ajá inú àpò tó ń ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa fúnra rẹ̀ wá iye rẹ̀ lọ́jà. Kó tó di ọjọ́ náà, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Gbogbo ọjà tí wọ́n ń fi dọ́là rà ló fò sókè, oúnjẹ ajá náà kò sì yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ra àpò kan lóṣù kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun mìíràn tó lè fún ajá rẹ̀. Ẹni tó bá lè fún un ní oúnjẹ gidi tí wọ́n sè nítòsí ilé ti rí oníbàárà.

Òwò àtijọ́ ni lókè òkun

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré ọmọdé ni òwò yìí. Ní nǹkan bíi ọdún 1860, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Spratt lọ sí London láti lọ ta ohun èlò tó ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ àrá. Ìtàn sọ pé ó rí àwọn ajá létí omi tí wọ́n ń jẹ bisikíìtì líle tí àwọn atukọ̀ ń jù sílẹ̀. Ó padà lọ po ìyẹ̀fun, ewébẹ̀ àti ẹran pọ̀, ó fi ṣe bisikíìtì ajá, ó sì di ọlọ́rọ̀ nídìí ẹ̀. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ bíi The Farmer's Dog ní Amẹ́ríkà àti Butternut Box nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń se oúnjẹ ajá bíi ti inú ilé, wọ́n ń dì í, wọ́n sì ń gbé e lọ bá oníbàárà nílé. Ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá ni ẹni tó wà ní Benson fẹ́ fi ìkòkò àti fírísà ṣe. Iyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ní onímọ̀ tó ń bá wọn ṣírò ohun tó wà nínú oúnjẹ.

Ohun tí Ìkòròdú ní tí kò wọ́n

Àǹfààní ńlá ni pé ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ yìí kò jìnnà. Ìkòròdú wà létí ọ̀sà, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ wà ní Odógunyán, ọjà ẹja sì kún Ẹ̀pẹ́. Orí ẹja àti apá ìrù tí àwọn oníbàárà ẹja kì í fẹ́ rà máa ń dínwó. Níbi tí wọ́n ti ń pa adìẹ, ẹ̀dọ̀, iwe, ọkàn àti ẹsẹ̀ adìẹ wà. Ní Ìmọ́tà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tó lè fọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ní oṣù kínní ọdún 2023. Ìrẹsì tó fọ́ wẹ́wẹ́ kì í wọ́n tó odindi ìrẹsì, ajá kò sì ní í béèrè pé kí ló dé tó fi fọ́. Ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti ewé ugu náà wà lọ́jà.

Ẹja gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, kí wọ́n sì yọ egungun rẹ̀ kúrò. Eegun adìẹ tí wọ́n ti sè náà kò dára fún ajá rárá. Bí iná bá ti kan eegun, ṣe ló máa ń ya ṣọ́nṣọ́ bí ẹnu abẹ́rẹ́, ó sì lè gún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun.

Ọbẹ̀ tó dùn lẹ́nu èèyàn lè pa ajá

Ibi tí ọ̀pọ̀ alásè ti máa ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á fi àlùbọ́sà dín ẹran, wọ́n á ju Maggi àti iyọ̀ sí i, kó lè ta sánsán. Àlùbọ́sà àti áyù, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ sísè, ìbáà jẹ́ lílọ̀, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kí àìsàn náà tó hàn, tí ara ajá á rọ, tí èrìgì rẹ̀ á funfun. Ṣokoléètì àti kòkó náà léwu fún un, bẹ́ẹ̀ ni àjàrà tútù àti èyí tí wọ́n sá gbẹ. Ohun adùn kan tó ń jẹ́ xylitol, tó máa ń wà nínú ṣingọ́ọ̀mù àti nínú àwọn bọ́tà ẹ̀pà kan, lè pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi bọ́tà ẹ̀pà po bisikíìtì ajá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà ṣe pàtàkì. Májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin máa ń wà nínú wọn, sísè kì í sì í pa á run. Ní òpin ọdún 2020, wọ́n kó oúnjẹ ajá kan tí wọ́n ń pè ní Sportmix kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà nítorí májèlé yìí. Kí oṣù kínní ọdún 2021 tó parí, ìròyìn ajá tó lé ní 70 tó kú ti dé etí ìjọba. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tó ń ra àgbàdo olówó pọ́ọ́kú lọ́jà gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́: ohun tó ń wọ inú ajá

Ìrẹsì àti ẹran kò tó. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ẹranko ní Yunifásítì California tó wà ní Davis gbé ìlànà 200 fún sísè oúnjẹ ajá nílé yẹ̀ wò. Nínú 100, 95 ló dín nínú ó kéré tán ohun aṣaralóore kan tí ajá kò lè ṣe aláìní. Àwọn tó sábà máa ń dín ni zinc, fítámì D àti fítámì E. Ìyà yìí kì í hàn lọ́sẹ̀ kan. Oníbàárà á máa yìn yín lóṣù àkọ́kọ́, ajá á máa dán, àmọ́ nígbà tó bá di oṣù kẹfà, irun á máa re, ẹsẹ̀ ọmọ ajá á máa wọ́. Ọjọ́ náà ni orúkọ òwò yín bàjẹ́.

Calcium ni kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ẹran tí kò ní eegun kò ní in tó. Èèpo ẹyin tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sè, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun lè dí àlàfo náà: ṣíbí ìmutíì kan rẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 2 calcium. Àmọ́ bó bá ti pọ̀ jù, ó tún ń ba egungun ọmọ ajá ńlá jẹ́. Ẹ̀dọ̀ náà dára, kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi ìdá kan nínú 20 oúnjẹ lọ, nítorí fítámì A inú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Nítorí náà, owó tí wọ́n bá san fún dókítà ẹranko tàbí onímọ̀ oúnjẹ ẹranko láti ṣírò ìlànà kan ṣoṣo kì í ṣe àṣedànù. Owó òwò ni. Irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwé gíga FUNAAB ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tí ìlànà náà bá ti wà nílẹ̀, ẹ ra sikéèlì, kí ẹ má fi ojú wọn nǹkan mọ́.

Òṣùwọ̀n kejì: owó tó ń jáde lápò

Ajá àgbà tó wúwo tó kílò 30 nílò nǹkan bíi kálórì 1,400 lóòjọ́. Tí oúnjẹ náà bá jẹ́ sísè, tó lómi nínú, ó máa tó kílò kan. Ẹni tó bá ní irú ajá bẹ́ẹ̀ méjì yóò jẹ 60 kílò lóṣù. Ẹrù tó wúwo ni, fírísà ló ń gbé, ọkọ̀ ló sì ń gbé e lọ. Ìdí nìyí tí sísè oúnjẹ gidi fi yẹ fún oníbàárà tó wà nítòsí, tó ti sanwó sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé tirẹ̀ fún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìpápánu ni èyí tó lè rìn jìnnà: ẹ̀dọ̀ gbígbẹ, awọ ẹja gbígbẹ, bisikíìtì ọ̀dùnkún. Kò wúwo, kò sì tètè bàjẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ìṣirò ti ń pa àwọn èèyàn. Ẹ̀dọ̀ tútù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kílò mẹ́ta tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí kálukú fi iye ọjà ọjọ́ tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní kílò ẹ̀dọ̀ kan jẹ́ 4,000 náírà. Kílò mẹ́ta jẹ́ 12,000. Gáàsì, náílọ́ọ̀nù, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn àti owó ọkọ̀ jẹ́ 3,000. Gbogbo rẹ̀ di 15,000. Kílò kan tó bá jáde, tí wọ́n bá pín in sí gíráàmù 100, yóò jẹ́ náílọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Owó tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,500 náírà, a kò sì tíì ka owó iṣẹ́ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá rò pé gíráàmù 100 ẹ̀dọ̀ kò ju 400 náírà lọ, tó sì ń tà á ní 1,000, rò pé òun ń jèrè 600. Ní òtítọ́, ó ń pàdánù 500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ṣe ń tà sí i ni gbèsè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ni ọjà rẹ̀ máa ń tà wàràwàrà tí owó òwò rẹ̀ á sì tán.

Iná, ìtura àti ìwé àṣẹ

Oúnjẹ tí wọ́n sè tí kò ní iyọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru wa. Kí wọ́n tètè mú un tutù, kí wọ́n dì í ní kílò kọ̀ọ̀kan, kó sì wọ fírísà lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má gbàgbé owó iná nínú ìṣirò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti 68 náírà sí 225 náírà lórí yúnìtì kan. Ẹran ìpápánu náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná kí wọ́n tó sá a gbẹ, nítorí gbígbẹ nìkan kì í pa kòkòrò àìfojúrí. Ìkòkò, ọ̀bẹ àti pákó ìgékẹran ti ajá kò gbọ́dọ̀ pò mọ́ ti ilé.

Fún ìwé àṣẹ, kí wọ́n fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. NAFDAC ló ń mójú tó oúnjẹ ẹranko tí wọ́n dì fún títà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà rẹ̀ sórí àtẹ ìtajà ti lọ béèrè ohun tí òfin ń fẹ́. Kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní í dára mọ́.

Bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ra fírísà ńlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi oríṣi ìpápánu méjì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn dókítà ẹranko, àwọn tó ń tọ́ ajá fún títà àti ilé-iṣẹ́ tó ń fi ajá ṣọ́ ọgbà. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ajá, ìwúwo rẹ̀ àti àìsàn tó bá ní, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí àwọn mẹ́wàá bá ti padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ sísè fún àwọn tó bá san owó oṣù sílẹ̀.

Ajá kò lè sọ pé ọbẹ̀ yìí dùn àbí kò dùn, kò sì lè sọ pé ó ń dun òun níkùn. Olówó rẹ̀ ló ń wo ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ara ajá bá ń dá ṣáká lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó sè é kò nílò ìpolówó mìíràn ládùúgbò.