Iṣẹ́ kún ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe, owó tán lápò: kí ni mobilisation gan-an?

Ìwọ́de tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ṣe lọ sí iwájú Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìnáwó l'Abuja lọ́dún 2025 kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. Wọ́n ní àwọn ti ṣe iṣẹ́ tó wà nínú ètò ìṣúná 2024, ìjọba àpapọ̀ kò sì tíì sanwó. Ìbéèrè tí ìwọ́de náà bí lẹ́nu àwọn èèyàn ní GRA, níbí ní Ìlọrin, ló mú mi kọ àlàyé yìí. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò gba mobilisation ni? Kí ni wọ́n fi ṣe?"

Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ gbà pé mobilisation ni ìpín àkọ́kọ́ nínú owó agbaṣẹ́ṣe, pé ó ti di tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó àyálò ni. Public Procurement Act, òfin ọdún 2007 tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ síta, sọ ní abala 35, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún náà, pé kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó iṣẹ́ lọ, báńkì tàbí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sì gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún agbaṣẹ́ṣe kó tó rí i gbà. Ohun tí onídùúró náà ń dúró fún ni pé owó náà yóò padà.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ ₦100 mílíọ̀nù, ká pín in sí ìpele márùn-ún tó dọ́gba. Ká ní èrè agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ìdá 10 nínú owó yìí. Ó gba mobilisation ₦15 mílíọ̀nù, ó ra irin àti sìmẹ́ńtì, ó san owó bíríkìlà, káfíńtà àti lébìrà, ó parí ìpele kìíní. ₦18 mílíọ̀nù ló bá a lọ. Ẹnjinníà wọn iṣẹ́ náà, ó fọwọ́ sí sátífíkéètì ₦20 mílíọ̀nù. Àmọ́ wọn ò ní san ₦20 mílíọ̀nù fún un. Wọ́n á yọ ₦3 mílíọ̀nù láti fi gba mobilisation padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún yọ ìdá 5, ìyẹn ₦1 mílíọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní retention: owó tí wọ́n dá dúró kí agbaṣẹ́ṣe má bàa sá bí ògiri bá sán lẹ́yìn iṣẹ́. ₦16 mílíọ̀nù ló kù, a ò sì tíì ka owó orí.

Ẹ wò ó dáadáa: ₦18 mílíọ̀nù jáde, ₦16 mílíọ̀nù wọlé. Bí gbogbo ìpele yóò ṣe máa rí nìyẹn. Ní ìpele kìíní, ₦3 mílíọ̀nù ni yóò wá láti ibòmíràn kún mobilisation. Nígbà tó bá fi dé ìpele karùn-ún, yóò ti di ₦11 mílíọ̀nù, kódà bí wọ́n bá ń san owó sátífíkéètì lójú ẹsẹ̀. Bí owó sátífíkéètì àkọ́kọ́ kò bá jáde títí ìpele kejì fi parí, ₦21 mílíọ̀nù ni ó gbọ́dọ̀ wá.

Ibi tó burú sí nìyí. Láti Oṣù Kọkànlá 2024 títí di Oṣù Kẹsàn-án 2025, ìdá 27.5 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi èlé ìpìlẹ̀ sí, nítorí náà ìdá 30 lọ́dún kì í ṣe àsọdùn fún ẹni tó bá lọ yáwó. Èlé lórí ₦21 mílíọ̀nù yìí yóò jẹ́ ₦525,000 lóṣù. Èrè ìpele méjèèjì kò ju ₦4 mílíọ̀nù lọ. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, èlé ti jẹ ẹ́ tán, agbaṣẹ́ṣe kò sì tíì ṣe àṣìṣe kankan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà tó bá dé bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á wá iṣẹ́ mìíràn kiri, kí wọ́n lè fi mobilisation tibẹ̀ parí ti ibí. Owó Lágbájá ni wọ́n fi ń san ti Tàmẹ̀dù. Lójú ayé, ilé iṣẹ́ náà ń gbòòrò, pátákó rẹ̀ wà níbi gbogbo. Bí iṣẹ́ tuntun bá ti dáwọ́ dúró, ohun gbogbo yóò dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 15 Oṣù Kìíní 2018, Carillion, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tó tóbi jù ní Britain, ṣubú. Gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ tó nǹkan bí £7 bílíọ̀nù, owó tó wà nílẹ̀ kò ju £29 mílíọ̀nù lọ. Iṣẹ́ kò tán lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn ńlá ní Liverpool nígbà yẹn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló sì ń ru ẹrù náà, nítorí ètò tó ṣe pẹ̀lú wọn lè mú kí wọ́n dúró fún ọjọ́ 120 kí owó wọn tó jáde.

Retention náà tọ́ sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Nínú iṣẹ́ wa yìí, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ₦5 mílíọ̀nù, ìdajì gbogbo èrè. Àṣà ni pé kí wọ́n san ìdajì rẹ̀ nígbà tí ilé bá parí, kí ìyókù dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ní Oṣù Kejìlá 2024, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, ní ọ̀wọ́ngógó ọdún náà ti dé ìdá 34.8. Ẹni tí wọ́n di ₦2.5 mílíọ̀nù rẹ̀ mú fún ọdún yẹn, ohun tó lè fi rà nígbà tó gbà á kò ju ti nǹkan bí ₦1.85 mílíọ̀nù lọ.

Láyé àtijọ́, kò sí wàhálà yìí nídìí ilé kíkọ́ láàárín wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ilé, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀, kí ó bọ́ àwọn tó wá, tàbí kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ṣe àáró fún ara wọn. Ìjọba àti ilé ńláńlá ló mú kọ́ńtíráàtì wá. Láti ìgbà tí Ìlọrin ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ lọ́dún 1967, ìjọba ni oníbàárà ńlá tí agbaṣẹ́ṣe ibí ń gbójú lé. Nígbà tí ìròyìn jáde lọ́dún 2023 pé àtúnṣe Kwara Hotel, tó wà nínú GRA yìí, yóò ná ìjọba ní ohun tó lé ní ₦17 bílíọ̀nù, àríyànjiyàn gbalẹ̀ lórí bóyá owó náà ti pọ̀ jù. Ó yẹ ká béèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí owó yóò máa jáde ṣe pàtàkì tó bí iye rẹ̀, torí agbaṣẹ́ṣe tó bá mọ̀ pé owó òun yóò pẹ́ yóò ti ka èlé mọ́ iye tó kọ sílẹ̀.

Kwara ti gbìyànjú ojútùú kan rí. Lábẹ́ Gómìnà Abdulfatah Ahmed, wọ́n dá IF-K sílẹ̀, àpò kan tí ₦500 mílíọ̀nù láti inú owó tí ìpínlẹ̀ ń pa fúnra rẹ̀ ń wọ̀ lóṣooṣù, fún iṣẹ́ amáyédẹrùn. Ọ̀nà abẹ́ afárá tó wà ní Geri Alimi jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n fi IF-K ṣe ló dára, àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ ní tèmi, ìlànà yẹn, kí owó iṣẹ́ máa wọlé lóṣooṣù, sàn ju kí a kàn fi mobilisation kún mobilisation. Àyálò tó tóbi kò dí àlàfo, ó kàn sún un síwájú ni, ó sì ń fa ojú àwọn tó fẹ́ gba owó sá lọ.

Abala 37 òfin 2007 yẹn sọ pé bí owó bá kọjá ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe ti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ti pẹ́ nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ ní èlé. Mo fura pé ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ béèrè èlé náà: ta ni yóò gbé iṣẹ́ mìíràn fún ẹni tó ń ka òfin sí ìjọba létí? Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba Kwara ṣe kò wọ́nwó. Kí wọ́n máa gbé ọjọ́ méjì síta fún gbogbo ènìyàn lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹnjinníà fọwọ́ sí sátífíkéètì, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ wọ báńkì agbaṣẹ́ṣe.