Igbó Ọba Ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ní Ìpájà, ìró mọ́tò ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kékeré ni, ní Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí a bá gbéra ní Ìpájà, a ó kọjá ní Ìbàdàn àti Ìsẹ́yìn kí a tó dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú náà. Igbó ńlá ni ó wà lẹ́bàá wọn.

Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni igbó yìí. Old Oyo National Park ni à ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1991 ni ó gba orúkọ náà. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Bí a bá pín Ìpínlẹ̀ Èkó sí ọ̀nà mẹ́ta, igbó yìí ju ìdá méjì rẹ̀ lọ! Nínú rẹ̀ ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí àwọn Aláàfin ń gbé kí ogun tó tú ìlú náà ká ní nǹkan bí ọdún 1837. Igi ti hù sí ojú ọjà. Àwókù odi ìlú ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìnàkí, ìmàdò, àgbọ̀nrín àti ẹtu ń gbé inú igbó náà. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti pa wọ́n tàbí láti gé igi níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń ṣọ́ ọ. Èyí kò rọrùn fún ọdẹ tí baba ńlá rẹ̀ ti ń dẹ igbó náà tipẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà kò ní bínú? Síbẹ̀, àwọn kan ń yọ́ wọ ibẹ̀ lọ ṣọdẹ, àwọn mìíràn ń gé igi.

Kí ló kan ará Ìpájà níbẹ̀? Odò Ògùn ń ṣàn gba inú igbó yìí kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Omi odò yìí ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ Adíyàn láti máa sẹ́ fún àwọn ará Èkó. Gbòǹgbò igi ni ó ń di ilẹ̀ etí odò mú. Bí a bá gé igi tán, òjò yóò gbá iyẹ̀pẹ̀ sínú odò, odò yóò sì kún fún iyanrìn. Lára èédú tí àwọn ìyá wa ń rà ní Èkó, Òkè-Ògùn ni ó ti ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo igbó náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Koríko a ti gbẹ, àwọn ẹranko a sì máa wá mu omi létí odò.