Àmì Táífọ́ọ̀sì: Aṣọ Aláìsàn Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Táífọ́ọ̀sì kì í ṣe táífọ́ìdì, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Táífọ́ìdì ń gba ẹnu wọlé, nínú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́. Iná ló ń gbé táífọ́ọ̀sì alájàkálẹ̀ kiri, ìyẹn kòkòrò iná tó ń gbé inú aṣọ, kì í ṣe iná orí. Dókítà Gerhard ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀ ní Philadelphia ní 1837. Dókítà Nicolle fi hàn ní Tunis ní 1909 pé iná aṣọ ló ń tàn án. Da Rocha Lima, ọmọ Brazil, sọ kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á lórúkọ ní 1916, ó fi rántí Ricketts àti Prowazek, tí àrùn náà pa lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí. Ìtàn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí àrùn bá wọ ara, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó fara hàn. Ibà táífọ́ìdì ń gun díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ti táífọ́ọ̀sì, òjijì ló ń dé. Òtútù á mú aláìsàn, tẹmómítà á kà tó 39 tàbí 40, kò sì ní í tètè wálẹ̀. Ẹ̀fọ́rí á le débi pé kò ní í fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ẹran ara á máa ro ó gidigidi: ní Bùrúńdì, sutama ni wọ́n ń pe àrùn náà, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ lílóṣòó, nítorí bí ìrora ṣe ń mú kí aláìsàn kákò. Ọ̀pọ̀ aláìsàn á máa wúkọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ara á sú, láti abíyá, àyà àti ẹ̀yìn, á sì ràn dé apá àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dé ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iyè á bẹ̀rẹ̀ sí í rá: aláìsàn á máa sọ ìsọkúsọ, tàbí kó dákẹ́ kó máa wò suu. Bí kò bá sí ìtọ́jú, 10 sí 40 nínú 100 ló ń kú, àwọn àgbà ló sì ń pa jù.

Ara sísú yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn fi ṣe àmì ńlá. Mi ò rò pé ó yẹ kí àwa gbójú lé e. Ó ń pẹ́ kó tó yọ, kò sì hàn dáadáa lára dúdú. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Áfíríkà ni ẹnikẹ́ni kò rí i lára wọn rárá. Aṣọ kì í fara pa mọ́ báyẹn. Ẹ wo ohun tí Nicolle rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Tunis: aláìsàn ń kó àrùn ran ará ilé rẹ̀, ó ń kó o ran ẹni tó bá a fọ aṣọ tó bọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti wẹ̀, tó wọ aṣọ ilé ìwòsàn, tó sì wọ yàrá, kò ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ara kan náà, ibà kan náà, aṣọ nìkan ló yí padà. Ibi tí àrùn náà ti jà náà ń sọ ohun kan náà. Ní Serbia ní 1914 sí 1915, ó pa ju 150,000 ènìyàn lọ. Ní Rọ́ṣíà láàárín 1918 sí 1922, wọ́n fojú bu iye ènìyàn tó pa sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3. Ní Bùrúńdì, ọgbà ẹ̀wọ̀n Ngozi ló ti yọjú, nígbà tó sì fi máa di 1997, ó ti gba inú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Òtútù, èrò tó há mọ́ra, àti aṣọ kan ṣoṣo tí a ń wọ̀ sùn tí a tún ń wọ̀ jí, ni gbogbo wọn jọ ní. Nítorí náà, bí ibà òjijì bá mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń sùn pọ̀, kí a béèrè iye ọjọ́ tí aṣọ ti wà lọ́rùn wọn kí a tó máa wá ohun tó sú sí ara.

Ẹnì kan lè ní ibà ẹ̀fọn náà ń mú ibà àti ẹ̀fọ́rí wá. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí aṣọ fi wúlò: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí kò bá sí máláríà níbẹ̀, tí iná sì wà lójú ìrán aṣọ, kí a sọ ọ́ fún dókítà kíákíá. Òmíràn lè ní òun yẹ aṣọ wò, òun ò rí iná. Iná kò fẹ́ ara tó gbóná jù, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ òkú. Ó lè ti ṣí lọ sára ẹni tó sùn tì í, nítorí náà aṣọ gbogbo ẹni tó jọ ń sùn ni ká yẹ̀ wò. Àtakò tó wúwo jù ni pé ẹni tó ti ṣe táífọ́ọ̀sì rí lè tún un ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, láìsí iná kankan, èyí tí wọ́n ń pè ní àrùn Brill-Zinsser. Èmi náà gbà pé aṣọ kò lè sọ ti ìyẹn. Ó sábà máa ń rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìtàn ayé aláìsàn ló sì ń tú u fó: ṣé ó ti gbé àgọ́ ogun tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n rí?

Ìtọ́jú: Doxycycline, mílígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máa ń tó fún àgbàlagbà, dókítà ni kó pàṣẹ rẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ má sun ún níná. Owó ni, aláìsàn á sì tún nílò rẹ̀. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, nítorí inú ìgbẹ́ iná ni àrùn wà: ara tí a họ ló ń gbà wọlé, eruku rẹ̀ sì lè kó ran ẹni tó bá fà á símú, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ rọra kó aṣọ náà sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sè é bí àwọn ìyá wa ti ń se aṣọ funfun. Èyí tí kò ṣeé sè, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ojú ìrán àti ìṣẹ́tí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iná ń yé ẹyin sí. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ń ṣe é dáadáa. Bí iná aṣọ kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mu, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó kú, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ lè pa lẹ́yìn náà. Aṣọ tí a kàn dì sínú ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, síbẹ̀ ìgbẹ́ iná á ṣì wà lára rẹ̀, torí náà omi gbígbóná ló dára jù. Kò sídìí láti fá irun orí, iná aṣọ kì í gbé ibẹ̀. Kí a máa wọn ìgbóná ara àwọn ará ilé láràárọ̀ fún ọjọ́ 14, láti ọjọ́ tí a se aṣọ tó kẹ́yìn.