Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìsinmi ọjọ́ méjì nílẹ̀ Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn kàn ń sáré kọjá oríta Ṣàgámù ni. Ẹ yà lọ́tẹ̀ yìí.

Ìkẹ́nnẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ má sì kánjú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Inú ọgbà ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 1987, ìyàwó rẹ̀, Màmá H.I.D., sì bá a níbẹ̀ ní 2015. Ìlú yìí náà ni Táí Ṣólàárín dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956.

Lọ́sàn-án, ẹ béèrè ìkọ́kọrẹ́: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n fi epo, ata àti ẹja gbígbẹ sè. Bí kò bá ní kókó díẹ̀díẹ̀ nínú, èmi ò kà á sí. Ẹ fi èbà tútù tì í.

Ní Ṣàgámù, ẹ wo ààfin Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, ní àdúgbò Òfin. Àwọn ìlú Rẹ́mọ tó kóra jọ ní 1872 ló di Ṣàgámù, àdúgbò wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ àtijọ́.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ bi ará ìlú bóyá Orò máa jáde lásìkò náà, torí obìnrin kì í rí i.