Ṣé o mọ̀? Okùn pupa inú balùwẹ̀, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń dá gbé ló ń fi bọ́tìnì ìpè kọ́rùn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan yóò dá wọn lóhùn. Àmọ́ inú balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, ni àwọn mìíràn ti ń bọ́ ọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí okùn pupa tó rọ̀ láti àjà fi ṣe pàtàkì. Ìlànà ilé kíkọ́ ibẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláàbọ̀ ara sọ pé kí okùn náà ní òrùka méjì: ọ̀kan ga tó mílímítà 800 sí 1,000, èkejì 100 péré sílẹ̀, kí ọwọ́ ẹni tó ti ṣubú lè tó o. Jọ̀wọ́, má ṣe ká okùn yẹn sókè nítorí pé o fẹ́ gbálẹ̀!

Bí olùrànlọ́wọ́ bá ní láti wá lẹ́yìn ìpè náà, àpótí kọ́kọ́rọ́ tí ń fi nọ́ńbà ṣí lè wà lára ògiri ìta, kó má baà já ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ṣubú náà wà, ṣùgbọ́n ó lè má mọ̀ bí ìyá àgbà bá rọra yọ̀ bọ́ láti orí àga. Kí wọ́n ṣì tẹ bọ́tìnì.