Ṣọkọ Àkùrọ̀ Agége

Nínú gbogbo ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà láti Ọjà Ìpódò ní Ìkẹjà títí dé Agége, ṣọkọ ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ̀tẹ̀ ló lókìkí, ugu ló wọ́n, ewédú sì ní gbẹ̀gìrì tó ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́, tí ebi ń pa, tí iṣu sì ń hó lórí iná, ṣọkọ ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó yá sè, kò korò, kò sì béèrè èròjà rẹpẹtẹ. Ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ ni àwọn àgbà ń pè é, wọ́n sì gbà pé ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bá ń sè é fún kì í gbẹ.

Ewé rẹ̀ gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu. Ó rọ̀ lọ́wọ́, kò ní ẹ̀gún. Oríṣi kan wà tó tutù láti ìdí dé orí. Òmíràn ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú láàárín ewé, igi rẹ̀ náà a sì máa pọ́n. Bí a bá bọ oríṣi pupa yìí, omi rẹ̀ á yí padà, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹ̀fọ́ náà ti bàjẹ́. Àwọ̀ inú ewé ló ń yọ́ sínú omi gbígbóná, kò ní ewu kankan. Bí olóko bá gbàgbé ṣọkọ lórí ebè, á ga dé àyà àgbàlagbà, òdòdó rẹ̀ á yọ gọnbọ lórí, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lókè, funfun bíi fàdákà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni hóró yóò dé, dúdú, tó ń dán, tó kéré débi pé ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún oko. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà lásán, èyí tí òdòdó rẹ̀ kájọ bí ogbe àkùkọ. Ẹni tó bá ń bomi rin òdòdó yẹn, ìbátan ẹ̀fọ́ inú ìkòkò rẹ̀ ló ń bomi rin.

Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti tẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Oòrùn ni tẹ̀tẹ̀ fẹ́. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, ewé àti igi rẹ̀ a máa jẹrà lórí ebè. Ṣọkọ ń fara da òjò, ó sì ń fara da òjìji díẹ̀, ìdí nìyí tó fi bá Èkó mu ju tẹ̀tẹ̀ lọ. Ọ̀tá rẹ̀ wà nísàlẹ̀: aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò rẹ̀ wú kókó-kókó, tí ewé á sì rọ. Olóko tó mọṣẹ́ kì í gbìn ín sójú kan náà léraléra. Ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, ti ṣiṣẹ́ lórí ṣọkọ. TLV 8 ni wọ́n ń pe oríṣi kan lára rẹ̀.

Ilẹ̀ Agége kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ́. Kí ilé iṣẹ́ tó gba agbègbè yìí, oko ni. Jacob Kehinde Coker àti àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ojú irin ti so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó yá, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, pín ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962, Cadbury jókòó sí Agídíngbì, òpópónà Ọba Akran sì kún fún ọgbà ilé iṣẹ́ ní ọ̀tún àti òsì. Kòkó lọ, obì di ohun tí wọ́n ń kó wá láti ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò kúrò, nítorí kò béèrè ilẹ̀ púpọ̀. Ibi tí ilé kò ti lè dúró ló ń gbé: inú àkùrọ̀ tí omi ń rin, abẹ́ wáyà iná ńlá, etí kòtò omi, àti ẹ̀bá ojú irin tí ọkọ̀ Red Line ń gbà láti Agbádò dé Òyìngbò láti 2024. Lára àwọn tó ń gbìn ín ni Yorùbá, Ẹ̀gùn, àti àwọn tó ti òkè Ọya wá. Wọ́n á po hóró rẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má baà ṣùjọ sójú kan, wọ́n á fọ́n ọn, wọ́n á sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù kan, ó ti tó fà tu. Ẹni tí kò bá fà á tu a máa gé orí rẹ̀, á sì tún pa ẹ̀ka.

Ó wá ku sísè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń pa ẹ̀fọ́ yìí lára.

Ẹ rà á púpọ̀, nítorí bí ó ti wù kó kún igbá tó, iná á sọ ọ́ di kékeré. Ẹ já ewé kúrò lára igi. Igi tó bá ṣì rọ̀ lókè, ẹ má sọ ọ́ nù, ó dùn ún jẹ. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ títí iyanrìn ò fi ní sí nísàlẹ̀ abọ́ mọ́, kí ẹ sì bu iyọ̀ díẹ̀ sí omi ìkẹyìn kí kòkòrò tó sá pamọ́ sábẹ́ ewé lè jáde. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa bá oníbàárà rẹ́ ẹ sínú ọ̀rá, mi ò sì bá ẹni tó ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀ wí tó bá gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí a ti rẹ́ ṣòro fọ̀ mọ́ dáadáa, oje rẹ̀ á sì bá omi lọ.

Omi gbọ́dọ̀ ti hó kí ẹ̀fọ́ tó wọ inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ má dé ìkòkò. Ohun kan wà nínú ewé yìí tí wọ́n ń pè ní oxalic acid, tó ń di kálísíọ̀mù mú kí ara má baà rí i lò, omi gbígbóná sì ń gbé apá kan rẹ̀ lọ. Omi kan náà ló ń gbé fítámìn C lọ, nítorí náà ẹni tó bọ ẹ̀fọ́ títí ti da oore rẹ̀ sí gọ́tà. Àwọn kan ń fi kán-ún sí i kó lè tutù minimini. Àwọ̀ rẹ̀ á dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé á rọ̀ jàbàtà, fítámìn C tó kù á sì bàjẹ́. Tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi omi tútù ṣàn án kó má baà máa jinná lọ, kí ẹ sì rọra fún un.

Ẹ gbé epo pupa ka iná nínú ìkòkò mìíràn. Kó gbóná ni, ẹ má jẹ́ kó dín títí di funfun, nítorí pupa yẹn gan-an ni ara fẹ́. Láìsí epo, ohun tó ń di fítámìn A nínú ẹ̀fọ́ kì í wọ ara dáadáa. Alùbọ́sà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà irú. Irú wóró ni mo fẹ́ fún ṣọkọ, kí èèyàn lè máa bá a pàdé lẹ́nu. Ata rodo àti tàtàṣé gígún ló tẹ̀ lé e. Èyí tí a bá lọ̀ kúnná á sọ ọ́ di ọbẹ̀ ata. Ẹ jẹ́ kí omi ata gbẹ, kí epo léfòó. Edé tàbí ẹja gbígbẹ tó. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a lè gé pọ̀nmọ́ sí i, nítorí ilé ìpẹran Oko-Ọba kò jìnnà. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti jinná ni kí ẹ da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ooru inú ìkòkò á parí iṣẹ́ tó kù. Ẹ bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu sísè, ìrẹsì tàbí dùndú. Pẹ̀lú búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ó dára gan-an.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í balẹ̀ nípa omi tí wọ́n fi ń rin ín. Omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ àti èéfín ọkọ̀ lè gbé òjé àti àwọn irin olóró mìíràn wọ ilẹ̀; gbòǹgbò á fà á, á sì dé inú ewé. Fífọ̀ ń mú eruku ojú ewé kúrò, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú ewé, kò sí iyọ̀ tàbí omi gbígbóná tó lè lé e jáde. Mi ò di ẹ̀bi ru olóko tó pọn omi tó sún mọ́ ọn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀fọ́ àkùrọ̀. Ẹ bi ẹlẹ́fọ̀ọ́ yín pé níbo ni ti òní ti wá, ṣé omi kànga ni wọ́n fi rin ín. Bí ẹ bá ń bi í lọ́jọọjọ́, òun náà á máa bi olóko. Ẹni tó bá sì ní ààyè tó gba àpò ìrẹsì kan lẹ́yìn ilé, kó bu ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i, kó fọ́n hóró ṣọkọ lé e. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà àti Agége, mo bẹ̀ yín, ẹ gbẹ́ kànga fún àwọn olóko àkùrọ̀ wọ̀nyí, kí ẹ sì máa yẹ ilẹ̀ wọn wò lọ́dọọdún, nítorí ẹ̀fọ́ wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yín ń jẹ.